Àwọn ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Jàpáànù: kí ló gbé wọn débẹ̀?

Akin_Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe láti ilé. Àwa mẹ́jọ la jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, mẹ́ta nínú wa sì jẹ́ ọmọ Íńdíà. Méjì nínú àwọn mẹ́ta yìí ti fi tó wa létí pé Tokyo ni àwọn ń lọ. Ọ̀kan ti gba ìwé, èkejì ń kọ́ èdè lálaalẹ́. Àwọn kan náà nìyí tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n máa ń dárúkọ tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Trump pàṣẹ pé iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gba físà iṣẹ́ H-1B tuntun fún ẹni tó wà lókèèrè máa san 100,000 dọ́là. Mo gbà pé ìyẹn tó lé èèyàn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ Jàpáànù? Ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ti í ṣe èdè wọn, tí gbogbo ayé sì ń sọ pé wọn kò fẹ́ràn àlejò. Ṣé owó ni? Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀, tàbí tó mọ àwọn èèyàn yìí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Owó ni. Kí ló tún máa ń gbé èèyàn kúrò nílé bàbá rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Edogawa

Akin, ẹ kú ìbéèrè. Edogawa ni mò ń gbé, ní ìhà ìlà-oòrùn Tokyo. Ọdún kẹfà mi níbí rèé. Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ sọ́fítíwíà wò fínnífínní kí wọ́n tó gbé e síta fún àwọn oníbàárà. Tí mo bá jáde nílé láàárọ̀, èdè Hindi, Tamil àti Telugu ni mo máa ń gbọ́ lórí àtẹ̀gùn kí n tó gbọ́ èdè àwọn onílẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn oníṣòwò Íńdíà ti wà ní Kobe àti Yokohama kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló dé lẹ́yìn, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Àwọn àgbà inú wa á rántí ìbẹ̀rù ọdún 2000, pé tí aago méjìlá òru bá lù, kọ̀ǹpútà báńkì máa ṣi ọdún kà, ìṣirò gbogbo á sì dàrú. Àwọn báńkì Tokyo nílò ọwọ́ púpọ̀ láti tún kóòdù àtijọ́ ṣe, Íńdíà ló sì ní ọwọ́ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, olórí ìjọba Jàpáànù nígbà náà, Yoshiro Mori, lọ sí Íńdíà, ó sì dé Bangalore fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìjọba Jàpáànù ti ń dẹ ọ̀nà físà fún àwọn oníkọ̀ǹpútà Íńdíà.

Wọ́n wá dé, ilé kò sí. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ibí yìí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jagmohan Chandrani, tíì ló ń kó wọ̀lú. Ọdún 1978 ló dé Jàpáànù, ní ọdún kejì rẹ̀ ló sì fi Nishi-Kasai, àdúgbò wa níbí, ṣe ibùjókòó. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sá sí. Àwọn onílé kò fẹ́ gbà wọ́n. Wọn kò ní onídùúró. Púpọ̀ nínú wọn kì í jẹ ẹran tàbí ẹja, bẹ́ẹ̀ omi ẹja ni wọ́n fi ń se ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ níbí, títí kan èyí tó dà bí ẹ̀fọ́ lásán. Ọkùnrin yìí bá wọn bẹ onílé, ó bá wọn wá ibi tí wọ́n á ti máa rí oúnjẹ ilé wọn jẹ. Àjọ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní UR, tó ní ilé ńláńlá kiri. UR kì í béèrè onídùúró, kì í sì í gba reikin. Owó ọpẹ́ tí ayálégbé ń san fún onílé ni reikin, tí kò sì ní padà sọ́wọ́ ẹ láéláé. Inú ilé UR ni wọ́n kó sí. Ọkọ̀ ojú irin Tozai tó gba Nishi-Kasai kọjá ń gbé èèyàn dé Otemachi, ìdí àwọn báńkì ńlá, láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó 20.

Ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ ló sọ àdúgbò yìí di Íńdíà kékeré. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e: wọ́n dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Koto lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọdún 2004, òmíràn ní ọdún 2006. Ìwé tí àwọn ọmọ ń kà ní Íńdíà gan-an ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè padà sí Chennai lọ́la, ọmọ rẹ̀ kò ní pàdánù kíláàsì.

Akin, ẹni tó ń lọ Tokyo nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín yẹn, ẹsẹ̀ àwọn aṣáájú ló ń tọ̀.

Akin_Ìbàdàn

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ má fi ẹ̀yin pè mí mọ́, ọmọ ọdún 26 ni mí.

Bàbá_Ìbejì

Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé Bengaluru. Ẹ̀kọ́ ni mo bá lọ, mo sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó padà sílé. Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo gbọ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n owó kọ́.

Wo bí owó yen ṣe rí. Ní ọdún 2012, nǹkan bí 80 yen ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan. Ní ọdún 2024, ó kan 160. Ẹni tó ń gba iye yen kan náà láti ìgbà náà wá, tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìdajì ló kù nínú dọ́là rẹ̀. Ní Bengaluru, ẹni tó bá ti lo ọdún méje tàbí mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì wà ní ẹ̀ka iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà níbẹ̀, owó gidi ló ń gbà. Ó ní ẹni tó ń dáná fún un, àwọn òbí rẹ̀ wà nítòsí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ sí Tokyo sọ fún mi pé nígbà tí òun yọ owó ilé, owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò, ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń kù fún òun nílé lọ.

Ìwé ìgbélùú, tó máa jẹ́ kí wọ́n lè gbé ìlú títí lọ, ni wọ́n ń wá. Akin, fara balẹ̀ ka èyí. Ní Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Iye kan náà ni wọ́n là kalẹ̀ fún Íńdíà àti fún orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ kò tó ti Ìbàdàn. Ìlà àwọn ará Íńdíà wá gùn débi pé ẹlòmíràn á dúró ju ogún ọdún lọ. Físà rẹ̀ so mọ́ ọ̀gá rẹ̀, tí iṣẹ́ bá bọ́, ilé ti dàrú.

Jàpáànù ní tiwọn dá ètò máàkì sílẹ̀ ní ọdún 2012 fún àwọn tó mọṣẹ́ gidi. Ẹni tó bá gba 70 máàkì lè béèrè ìwé ìgbélùú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Láti ọdún 2017, ẹni tó bá gba 80 lè béèrè lẹ́yìn ọdún kan péré. Ọdún mẹ́wàá ni àwọn yòókù ń dúró. Jẹ́ kí n ṣírò ti ẹnì kan fún ẹ. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún: máàkì 15. Ó ní oyè kejì ní yunifásítì: 20. Ó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún: 10. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà yen: 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Tó bá wá yege nínú ìdánwò èdè wọn ní ìpele N2, 10 á wọlé, ó di 75. Tó bá jẹ́ N1 ló ní, tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ, 15 ni wọ́n máa fún un, ó pé 80 géérégé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ń kàwé lálaalẹ́ yẹn, o rí ohun tó ń lé.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Bàbá Ìbejì, mo gba èyí. N kò mọ̀ pé yen ti já tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn èyí fún mi: ṣé ó di dandan kí wọ́n gbọ́ èdè náà kí wọ́n tó rí iṣẹ́? Mo ka á níbì kan pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní iléeṣẹ́ Rakuten.

Dèjì_Yokohama

Òótọ́ ni ti Rakuten. Ọdún 2010 ni wọ́n kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn máa fi máa ṣiṣẹ́, nígbà tó di 2012 ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mercari náà gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì Íńdíà ní ọdún 2018, wọ́n sì ṣí ẹ̀ka sí Bengaluru ní 2022. Orúkọ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń tàn, òun ni gbogbo èèyàn mọ̀, wọn kò sì pọ̀. Tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, èdè wọn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan kan sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Oríṣi méjì ni ọmọ Íńdíà oníkọ̀ǹpútà tó wà níbí. Àwọn kan wà tí wọ́n *rán wá*, àwọn kan sì wà tí wọ́n *wá fúnra wọn*.

Àwọn tí wọ́n rán wá, iléeṣẹ́ ńlá Íńdíà ló ni wọ́n. TCS wà níbí, òun àti Mitsubishi da iléeṣẹ́ wọn pọ̀ ní ọdún 2014. Oníbàárà Jàpáànù fẹ́ kí wọ́n kọ́ ètò kan fún òun, iléeṣẹ́ Íńdíà á kó èèyàn mélòó kan wá jókòó ti oníbàárà, ogunlọ́gọ̀ yòókù á máa ṣe iṣẹ́ náà láti Chennai tàbí Pune. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á pè é padà. Àdéhùn wà láàárín ìjọba méjèèjì láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 pé ẹni tí wọ́n bá rán wá fún ọdún tí kò ju márùn-ún lọ kò ní san owó ìfẹ̀yìntì níbí, ti Íńdíà ló máa san. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ọjà iṣẹ́ Jàpáànù rárá. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀ ọ́, òun kàn tẹ̀ lé e ni. Ẹnì kan sì máa ń wà nínú wọn tó dúró bí afárá: ó gbọ́ èdè méjèèjì, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó wà nílé. Iṣẹ́ afárá yìí le púpọ̀, nítorí oníbàárà níbí kì í sọ pé "kò dára." Á ní "ó ṣòro díẹ̀." Ẹni tí kò bá mọ̀ pé "ó ṣòro díẹ̀" túmọ̀ sí "rárá" á máa bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀.

Àwọn tó wá fúnra wọn ni wàhálà èdè ń bá jù. Iléeṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, gba ọmọkùnrin kan láti Hyderabad. Nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tó. Ó dé, gbogbo ìwé tó ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ wà ní èdè Jàpáànù, ìpàdé àràárọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kóòdù rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, mo jẹ́rìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí kóòdù, wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnnì láti fi dán ètò wò. Ó bínú, ó wá iṣẹ́ mìíràn, ó sì lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní pé n kò sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ọjọ́ yẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Edogawa

Dèjì, ẹ ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó dáa bí ẹ ṣe sọ ọ́ síta. Mo ti rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó béèrè èdè tí wọ́n fi kọ ìwé iṣẹ́ wọn. Èdè tí ọ̀gá fi fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kò ní sọ èyí fún un.

Ìyá_Tèmi

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Ẹ̀ ń sọ nípa àwọn ọkùnrin. Àwọn ìyàwó wọn ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Edogawa

Ìyá Tèmi, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń ro mí.

Aládùúgbò mi kan wà láti Chennai. Ẹńjínníà ni òun náà, ọdún mẹ́rin ló fi kọ kóòdù kó tó fẹ́ ọkọ rẹ̀. Físà aya ló fi wá. Físà yẹn kò fàyè gba iṣẹ́ àyàfi tó bá gba ìwé àṣẹ, tó bá sì gbà á, wákàtí 28 ni lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ wo ló máa gba ẹńjínníà fún wákàtí 28? Ibi ìdìpọ̀ oúnjẹ ló ti rí iṣẹ́, òru ni wọ́n sì ń ṣe é. Ọdún méjì gbáko. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá bọ́ sínú ètò máàkì tí Bàbá Ìbejì ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ètò yẹn gba ìyàwó láàyè láti ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ti lọ, àwọn iléeṣẹ́ sì ń bi í pé kí ló ń ṣe láàárín àkókò náà.

Ó bímọ níbí. Ẹ̀yin ìyá mọ bí ó ṣe rí, ìyá rẹ̀ fẹ́ wá wẹ ọmọ, kó fi omi gbígbóná jó o, kó gbé ọmọ pọ̀n. Lórí físà iṣẹ́ lásán, òbí kò lè wá gbé níbí, ìbẹ̀wò ọjọ́ 90 ni. Ètò máàkì nìkan ló gba òbí láàyè, ó sì ní ìdè: kí ọmọ má tíì pé ọdún méje, tàbí kí aboyún wà nínú ilé, kí owó tọkọtaya sì tó mílíọ̀nù mẹ́jọ yen lọ́dún. Òbí ẹnì kan ṣoṣo ni, ti ọkọ tàbí ti ìyàwó. Wọ́n ní láti yàn. Ìyá ìyàwó ló wá. Obìnrin náà ń kí mi ní Tamil, mo ń kí i ní Yorùbá, a sì ń gbọ́ra wa yé. Oṣù tó kọjá ni ọmọ náà pé ọdún méje.

Tí ẹ bá bi mí ìdí tí wọ́n fi ń padà sílé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti gba ìwé ìgbélùú, tí wọ́n ti gbọ́ èdè, òbí ni mo máa fi dáhùn. Baba ẹnì kan ṣubú ní Pune, ọmọ rẹ̀ kò lè gbé e wá.

Ìyá_Tèmi

Ha. Ọmọ pé ọdún méje, ìyá ìyá gbọ́dọ̀ lọ. Olúwa á tọ́jú ọmọ náà.

Olóòótọ́_Abẹ́òkúta

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Àwọn èèyàn yẹn kò fẹ́ àlejò. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó ń jẹ́ Sanseito, tó ń pariwo "Ọmọ Jàpáànù lákọ̀ọ́kọ́", gba ìjókòó 14 nínú ìbò ilé aṣòfin àgbà ní oṣù keje ọdún 2025. Oṣù kẹjọ ni ọ̀rọ̀ Kisarazu ṣẹlẹ̀ sí àwa gan-an. Gbogbo wa rí i. Tí wọ́n bá lè bínú tó bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ lásán, kí ni wọ́n máa ṣe fún ọmọ Íńdíà tó ń gba iṣẹ́ wọn?

Akin_Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ ní Kisarazu? Mo gbọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, n kò gbọ́ ìdí rẹ̀.

Dèjì_Yokohama

Mo wà níbí nígbà náà, Yokohama wa níbí ni wọ́n sì ti ṣe ìpàdé náà. Ìpàdé Jàpáànù àti ilẹ̀ Áfíríkà ni, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. JICA, àjọ ìrànwọ́ Jàpáànù, mú ìlú mẹ́rin, wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ "ìlú ilé" fún orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan. Kisarazu bọ́ sí ọwọ́ Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kí ìlú méjèèjì máa ṣe pàṣípààrọ̀ èèyàn àti àṣà. Ìjọba wa wá gbé ọ̀rọ̀ jáde ní Abuja pé Jàpáànù máa dá físà àkànṣe sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́. Ìjọba Jàpáànù ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn èèyàn ń pe ọ́fíìsì ìlú Kisarazu láti ṣépè. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹsàn-án, JICA fagi lé ètò náà pátápátá, fún àwọn ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Olóòótọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò rèé. Ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀, Modi, olórí ìjọba Íńdíà, wá sí Tokyo. Òun àti olórí ìjọba ibí nígbà náà, Ishiba, fọwọ́ sí ètò pé láàárín ọdún márùn-ún, 500,000 èèyàn máa lọ tí wọ́n á sì bọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, 50,000 nínú wọn á jẹ́ ọmọ Íńdíà tó mọṣẹ́ tí wọ́n á wá síbí. Àwọn kan pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn náà. Ètò náà kò wó.

Mo ti ronú sí i gan-an, ohun tí mo rí ni pé ti Íńdíà ní ìpìlẹ̀ lábẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbà wọ́n ti wà. Ìdánwò wà: Íńdíà ní ìdánwò kọ̀ǹpútà tí ìjọba Jàpáànù gbà bí ẹni gba tiwọn, tó jẹ́ pé ẹni tó yege nínú rẹ̀ lè gba físà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láìní ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tí wọ́n bá ṣe irú àdéhùn yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ IIT wà ní Hyderabad tí owó Jàpáànù wà nínú kíkọ́ rẹ̀. Ọdún 25 ni wọ́n fi kọ́ gbogbo èyí ní bíríkì kan lé bíríkì. Tiwa, ìkéde ló ṣáájú, kò sì sí bíríkì kankan nílẹ̀. Ó dùn mí nítorí mo mọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó mọṣẹ́ yìí ju èmi lọ, tí wọ́n wà nílé.

Bàbá_Ìbejì

Dèjì, o ti sọ ọ́.

Olóòótọ́, o sọ pé wọ́n ń gba iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ wo? Iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọrọ̀ ajé ló ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé tó bá di ọdún 2030, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n á nílò tí wọn kò ní rí lè tó nǹkan bí 790,000, tí ọ̀rọ̀ bá le dé góńgó. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ mọ́ níbẹ̀, àgbà ló kún ìlú. Àwọn ọmọ Íńdíà tó wà ní gbogbo Jàpáànù, tọmọdé tàgbà, alásè àti oníkọ̀ǹpútà, ní ìparí ọdún 2024, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 ó lé díẹ̀ ni wọ́n.

Olóòótọ́_Abẹ́òkúta

Bàbá Ìbejì, mo gbà pé wọ́n nílò wọn. Kí wọ́n nílò ẹ àti kí wọ́n fẹ́ ẹ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ mi dúró níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Edogawa

Olóòótọ́, mi ò ní bá yín jiyàn. Mo wá ilé fún ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Íńdíà, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ejẹ́ńtì tí a lọ bá fi ilé mọ́kànlá hàn wá lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbé fóònù, ó pe àwọn onílé lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú wa. Ilé méje ni kò gba àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Ejẹ́ńtì náà ń tẹrí ba fún wa lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, ojú ń tì í. Ẹlẹgbẹ́ mi ń gba owó oṣù tó ju ti ejẹ́ńtì náà lọ ní ìlọ́po méjì, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé. UR náà ló padà gbà á.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, àdúgbò wa kan náà yìí dìbò fún Puranik Yogendra sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Edogawa. Íńdíà ni wọ́n bí i sí, ó ti di ọmọ onílùú. Àwọn ọmọ Jàpáànù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìbò fún un, nítorí àlejò kò ní ìbò níbí. Onílé méje yẹn àti àwọn tó dìbò yìí, àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé, bóyá wọ́n jọ ń ra tòfú ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Mo ń gbé láàárín wọn, n kò lè fi ẹnu kan sọ pé wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́.

Akin_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn tí mo ka gbogbo èyí lánàá, mo bi ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ èdè ní tààrà. Mo ní, "Ṣé ìwé ìgbélùú ni?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun wà ní New Jersey, láti ọdún 2014 ló ti wà lórí ìlà káàdì yẹn. Íńdíà ni wọ́n bí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí, ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Tó bá pé ọdún 21, kò ní sí lábẹ́ ìwé bàbá rẹ̀ mọ́, ó lè di pé kó padà sí ilẹ̀ tí kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ló pè é, tó ní, "Má tọ ibi tí mo tọ̀. Wá ibòmíràn nígbà tí ara rẹ ṣì le." Ọmọ ọdún 28 ni ẹlẹgbẹ́ mi yìí, ọmọbìnrin rẹ̀ kò tíì rìn.

N kò sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìbéèrè náà. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kí ni kí n sọ fún un kó ṣe kó tó wá?

Àbẹ̀kẹ́_Edogawa

Akin, sọ fún un pé kó béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ bóyá inú ètò máàkì ni wọ́n máa fi í sí láti ìbẹ̀rẹ̀ tàbí físà iṣẹ́ lásán. Kó má gbà kí wọ́n sọ pé "a máa yí i tó bá yá." Nítorí ìyàwó rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ èyí, kó má lọ máa di oúnjẹ lóru.

Kó tọ́jú owó pamọ́ fún ọdún kejì. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọn kì í gba owó orí àdúgbò lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí owó ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé á kàn dé, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà lábẹ́ owó orí ni. Mo ti rí ọkùnrin tó rò pé wọ́n gé owó oṣù òun. Kó má sì pẹ́ san án, ìwé ìgbélùú tó ń lé yẹn, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni bóyá ó san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì lásìkò.

Ìdánwò èdè náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, oṣù keje àti oṣù kejìlá. Kó tètè forúkọ sílẹ̀. Kó má dúró kó tó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tó.

Tó bá jẹ́ Edogawa ni iléeṣẹ́ rẹ̀ máa fi í sí, fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ìyá àgbà Chennai tí mo sọ fún yín ṣì wà níbí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ewé curry tútù.

Ìyá_Tèmi

Àbẹ̀kẹ́, bá mi kí ìyá àgbà náà kó tó lọ.